Patrick Hannan àti Wúrà Kalgoorlie

Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n ti fi ẹsẹ̀ rin aginjù nítorí wúrà, díẹ̀ ni orúkọ wọn ṣì wà lẹ́nu aráyé bí ti Patrick Hannan, ọmọ ilẹ̀ Ireland, ẹni tí àwọn ojúgbà rẹ̀ ń pè ní Paddy. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ni wọ́n kọ́kọ́ rí wúrà Kalgoorlie ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Ọsirélíà ní ọdún 1893. Láti ìgbà náà, wúrà tí a ti gbẹ́ jáde ní àyíká ibẹ̀ ju 1,500 tọ́ọ̀nù lọ. Síbẹ̀ Hannan kò di ọlọ́rọ̀ ńlá. Ìdí tí ọ̀ràn náà fi rí bẹ́ẹ̀, àti ìdí tí a fi ń bọlá fún un títí di òní, yẹ kí gbogbo ọmọ ilé-ìwé mọ̀.

Ní ìlú kékeré kan tí a ń pè ní Quin, ní ẹkùn Clare, ni a ti bí i, a sì ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1840. Ọmọ kékeré ni ó jẹ́ nígbà tí ìyàn ńlá mú ní ilẹ̀ Ireland. Àrùn kọlu pòtétò, ọ̀dùnkún òyìnbó tí àwọn tálákà ibẹ̀ fi ń ṣe oúnjẹ òòjọ́, ó sì rà mọ́ inú ilẹ̀. Láàárín ọdún 1845 sí 1852, nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn ni ó kú, àwọn tí wọ́n sì kó ẹrù wọn lọ sí ilẹ̀ òkèèrè kò kéré sí iye náà. Ẹni tó bá dàgbà ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ yóò tètè mọ̀ pé oko bàbá nìkan kò tó gbára lé. Ní ọdún 1862, nígbà tí Hannan di ọmọkùnrin géńdé, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó sì gúnlẹ̀ sí Melbourne ní ilẹ̀ Ọsirélíà.

Ọgbọ̀n ọdún ni ó fi wá wúrà kiri kí òkìkí rẹ̀ tó kàn. Ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ ní Ballarat. Lẹ́yìn náà ó ré òkun kọjá sí New Zealand, ó sì tún padà. Ní ọdún 1880 ó wà ní Temora, ní ẹkùn New South Wales. Ní ọdún 1886 ó wà ní Teetulpa, ní gúúsù Ọsirélíà. Nígbà tí ó sì di ọdún 1889, ó ti dé ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà. Kò gbéyàwó. Ohun ìní irú àwọn alárìnkiri bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ ju àgọ́, ẹṣin, ṣọ́bìrì, awo irin àti àpò omi lọ. Ní ibòmíràn wọn a rí díẹ̀, ní ibòmíràn wọn a pàdánù èyí tí wọ́n ti rí tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí Hannan dé tí kò ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan nípa òkúta àti erùpẹ̀.

Ẹ̀kọ́ náà nìyí. Wúrà kì í jẹrà, kì í sì í dípẹtà. Bí òjò, oòrùn àti atẹ́gùn bá sọ àpáta tí wúrà wà nínú rẹ̀ di erùpẹ̀, ọ̀gbàrá lè gbé erùpẹ̀ náà lọ, ṣùgbọ́n wúrà kì í bá a lọ jìnnà, nítorí pé ó wúwo tó ìlọ́po 19 omi. Nítorí náà, ẹni tó bá rí èérún wúrà nínú ilẹ̀ a máa tọpasẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ìdí àpáta tí ó ti jábọ́. Níbi tí omi bá pọ̀ sí, wọn a bu erùpẹ̀ sínú awo, wọn a sì fi omi ṣàn án títí wúrà yóò fi kù sí ìdí awo. Ní aginjù, níbi tí omi mímu pàápàá ti ṣọ̀wọ́n, ńṣe ni wọ́n ń fẹ́ erùpẹ̀ náà bí obìnrin ti ń fẹ́ ìyàngbò kúrò lára ọkà. Wọn a dà á láti inú awo kan sí òmíràn, atẹ́gùn a gbé eruku lọ, wúrà a sì bọ́ sínú awo tó wà nísàlẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1892, Arthur Bayley àti William Ford rí wúrà ní Coolgardie, ní àárín aginjù náà. Nígbà tí Bayley gbé wúrà tí ó tó áúnsì 554 dé ìlú Southern Cross, ariwo ta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀, wọ́n sì tú lọ sí Coolgardie. Hannan wà lára wọn.

Ojú wọn rí màbo ní ibẹ̀. Òjò tí ń rọ̀ ní agbègbè náà láàárín ọdún kan kò ju nǹkan bí ínǹṣì 10 lọ, iyọ̀ ni ó sì kún inú àwọn adágún rẹ̀. Wọ́n ń se omi iyọ̀ nínú àgbá irin, wọ́n ń gba ooru rẹ̀ kí ó lè tutù padà di omi mímu, wọ́n sì ń ta omi náà ní owó gọbọi. Àwọn mìíràn kú nítorí òùngbẹ. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun sì pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ nítorí ìdọ̀tí.

Ẹ má ṣe rò pé ilẹ̀ tí kò ní onílẹ̀ ni. Láti ìgbà láéláé ni àwọn ènìyàn Wangkatha ti ń gbé ibẹ̀. Orúkọ Kalgoorlie pàápàá, inú èdè wọn ni ó ti wá. Orúkọ ohun ọ̀gbìn igbó kan tí èso rẹ̀ ṣeé jẹ ni. Wọ́n mọ gbogbo ihò àpáta tí omi òjò ń dúró sí, wọ́n sì ń lo omi náà pẹ̀lú ìṣọ́ra. Àwọn awákùsà dé, wọ́n mu ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ gbẹ. Àwọn kan tilẹ̀ fi ipá mú àwọn onílẹ̀ kí wọ́n lè fi ibi omi hàn wọ́n. Nínú ọrọ̀ tí ó ti inú ilẹ̀ náà jáde, àwọn onílẹ̀ kò rí nǹkan kan gbà ní àkókò náà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 1893, ìròyìn kàn dé Coolgardie pé wúrà wà ní ibì kan tí a ń pè ní Mount Youle. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí gbéra ní ẹgbẹẹgbẹ́. Hannan, Thomas Flanagan àti Dan Shea, ọmọ Ireland ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wà lára àwọn tó lọ. Hannan ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà. Lójú ọ̀nà, nítòsí òkè kékeré kan tí a wá ń pè ní Mount Charlotte, wọ́n dúró. Ìtàn tí àwọn ará ìlú náà máa ń sọ ni pé bàtà irin ẹṣin kan ni ó yọ. Bí ó ti wù kí ó rí, nígbà tí àwọn yòókù ń sáré kọjá lọ, àwọn mẹ́ta yìí wo ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé, wọ́n sì rí wúrà tó fọ́n káàkiri nínú erùpẹ̀.

Òfin ni pé ẹni tó bá rí wúrà gbọ́dọ̀ wá fi orúkọ sílẹ̀ níwájú aṣojú ìjọba kí ilẹ̀ náà tó lè jẹ́ tirẹ̀. Hannan ni ó gun ẹṣin padà sí Coolgardie, ìrìn nǹkan bí máìlì 24, pẹ̀lú wúrà tí ó tó nǹkan bí áúnsì 100. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ni ó fi orúkọ sílẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àwọn ènìyàn ti ń rọ́ jáde kúrò ní Coolgardie, àwọn kan lórí ẹṣin, àwọn mìíràn pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹrù, ọ̀pọ̀ lórí ẹsẹ̀ lásán. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ti bo ibẹ̀ bí eéṣú.

Ṣùgbọ́n èyí tí Hannan rí kò ju ẹ̀kún ọwọ́ lọ lára ìṣúra ilẹ̀ náà. Ní ọdún kan náà, William Brookman àti Sam Pearce, tí àwọn olówó kan rán wá láti ìlú Adelaide, yà sí ìhà gúúsù. Àwọn àgbà awákùsà ti mọ́ òkúta funfun tí ń dán bí gíláàsì lára, nítorí pé inú rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rí wúrà ní ibòmíràn. Àpáta ibi tí àwọn méjì yìí gbà pọ́n bí irin tó dípẹtà ni. Àwọn ènìyàn fi wọ́n ṣẹ̀sín. Abẹ́ àpáta náà gan-an ni ìṣúra wà. Ibẹ̀ ni a wá ń pè ní Máìlì Oníwúrà.

Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ti ṣàlàyé bí wúrà náà ṣe dé ibẹ̀. Àpáta wọ̀nyí wà lára àwọn tó gbó jù lọ láyé. Ọjọ́ orí wọn ju bílíọ̀nù ọdún méjì ààbọ̀ lọ. Láti inú ilẹ̀ ni wọ́n ti tú jáde ní yíyọ́, kí wọ́n tó tutù di òkúta líle tí irin pọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, ilẹ̀ fún wọn pọ̀, ó ká wọn, ó sì là wọ́n. Omi gbígbóná gba inú àwọn ojú lílà náà gòkè wá, wúrà àti imí ọjọ́ sì ti yòrò sínú omi náà. Bí imí ọjọ́ ti kan irin inú àpáta, ó lẹ̀ mọ́ ọn. Wúrà tí imí ọjọ́ gbé dání kò sì rí ẹni gbé e mọ́, ó dúró síbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó pọ́n bí wúrà tí a mọ̀. Bí wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, wọ́n ń rí òkúta kan tí ń kọ mànà, tí kò jọ ohun iyebíye lójú wọn. Wọ́n kó o dà nù, wọ́n fi dí kòtò ojú ọ̀nà, wọ́n sì fi kọ́ ilé. Ní ọdún 1896 ni wọ́n tó mọ̀ pé wúrà tí ó papọ̀ mọ́ èròjà mìíràn, tellurium, ni, àti pé wúrà nìkan tó nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún ìwúwo irú èyí tí ó dára jù nínú rẹ̀. Ni àwọn ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí hú ojú títì tí wọ́n ti ń rìn. Ohun tí wọ́n ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà.

Síbẹ̀, ìlú kò lè dúró láìsí omi. C. Y. O'Connor, ọmọ Ireland mìíràn tí ó jẹ́ olórí àwọn ẹnjinníà ìjọba, dábàá pé kí a ri páìpù láti Mundaring nítòsí Perth títí dé Kalgoorlie, nǹkan bí máìlì 350, kí ẹ̀rọ mẹ́jọ sì máa ti omi gòkè lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn pẹ̀gàn rẹ̀ pé omi náà kò ní dé láéláé. O'Connor kú ní oṣù kẹta ọdún 1902, kí iṣẹ́ náà tó parí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1903, omi dé Kalgoorlie.

Àwọn kọ́ńpìnnì ńláńlá ni wọ́n kó ọrọ̀ Máìlì Oníwúrà lọ. Hannan tún wá wúrà kiri fún ọdún díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tún rí irú ti Kalgoorlie mọ́. Ní ọdún 1904, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fún un ní pọ́n-ùn 100 lọ́dọọdún, wọ́n sì sọ ọ́ di 150 ní ọdún 1911. Ó fẹ̀yìn tì sí Brunswick, ní Melbourne, lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀, níbẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 1925.

Ní òde òní, àwọn kùsà àtijọ́ Máìlì Oníwúrà ti di kòtò gbàràmù kan ṣoṣo tí jíjìn rẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 1,500 lọ. Orúkọ Hannan ni òpópónà tó tóbi jù ní ìlú náà ń jẹ́. Ní ọdún 1929 ni wọ́n gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe òkìtì wúrà ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, àpò omi ni, wọ́n sì ṣe é kí omi lè máa ti ẹnu rẹ̀ jáde fún ẹnikẹ́ni tí òùngbẹ bá ń gbẹ. Ìyẹn tọ́. Àwọn tí wọ́n la ojú sí òkúta pupa ni wọ́n rí ọrọ̀ jíjìn. Ẹni tó mọ bí omi yóò ṣe dé ni ó mú kí ìlú dúró. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà onísùúrù kan ni ó kọ́kọ́ wo ilẹ̀ tí gbogbo ayé ń tẹ̀ kọjá lọ. Ẹni tó la ọ̀nà lè má kó èrè ọ̀nà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gba ibẹ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé orúkọ rẹ̀.