Harold Black, ẹni tó kọ́ amplifier níwà

Leominster, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ni wọ́n bí Harold Black sí ní 1898. Iṣẹ́ tẹlifóònù ló ń ṣe ní New York. Bí ohùn bá ṣe ń gba inú amplifier kan bọ́ sí òmíràn lójú ọ̀nà jíjìn, bẹ́ẹ̀ ló ń dàrú sí i.

Ní August 2, 1927, inú ọkọ̀ ojú omi ló wà, tó ń lọ síbi iṣẹ́, tí ọgbọ́n kan fi sọ sí i lọ́kàn: kí amplifier dá díẹ̀ padà nínú ohùn tó gbé jáde, kó fi yọ àṣìṣe ara rẹ̀ kúrò. Orí ìwé ìròyìn ọwọ́ rẹ̀ ló kọ ọ́ sí. Ó lé ní ọdún 9 kí ìjọba tó fọwọ́ sí i, ní 1937.

Lónìí, àwọn èèyàn ń jiyàn lórí amplifier ilé. Ti àtijọ́ ń ṣí transistor rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹnu ẹ̀rọ omi, ó sì ń gbóná. Class D ń tan tirẹ̀, ó ń pa á, lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kì í fi bẹ́ẹ̀ fi iná ṣòfò. Ọgbọ́n Black ló ń tún ohùn ṣe nínú ọ̀pọ̀ àwọn méjèèjì. Ìwé tó kọ ní 1953 sì wà lára èyí tí wọ́n fi ń ṣírò títàn-pípa ti class D.

Black kú ní 1983. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ọ̀kan, ẹ má wo orúkọ nìkan. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń tún àṣìṣe ara rẹ̀ ṣe.