Abdul-Qadir al-Jazairi: Akọni Tó Fẹ́ràn Ilẹ̀ Rẹ̀ Láì Di Ìkà



Ẹnu gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé òun fẹ́ràn ilẹ̀ bàbá òun. Àwọn kan rò pé kí a kórìíra àlejò àti aládùúgbò ni ìfẹ́ ilẹ̀ ẹni. Àwọn mìíràn rò pé ẹni tó bá gbé ìbọn nìkan ló ní in. Kí a lè mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú, ẹ jẹ́ kí a yẹ ìgbésí ayé ọkùnrin kan wò, ẹni tó jagun, tó ṣe ìjọba, tó sì kọ ìwé. Orúkọ rẹ̀ ni Abdul-Qadir ọmọ Muhyiddin, tí ayé mọ̀ sí al-Jazairi, èyí tí í ṣe ará Àlgéríà.

Ìbí àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Ọdún 1808 ni a bí i ní Guetna, nítòsí ìlú Mascara, ní ìwọ̀-oòrùn Àlgéríà. Àgbà àlùfáà ni bàbá rẹ̀, òun sì ni olórí àwọn tó ń tọ ọ̀nà Qadiriyya ní agbègbè náà. Ọ̀nà yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ àlùfáà ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ dáadáa. Láti kékeré ni Abdul-Qadir ti há Àlùkùránì sórí. Ó mọ ẹṣin gùn gan-an, ṣùgbọ́n ìwé ni ọkàn rẹ̀ fà sí jù. Nígbà tó di ọ̀dọ́langba, òun àti bàbá rẹ̀ lọ sí Hájì. Wọ́n dé Íjíbítì, Damásíkù àti Bagdádì kí wọ́n tó padà sílé. Bí kì í bá ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, bóyá ìdí ìwé ni ìbá wà títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Bí ogun ṣe dé

Ní oṣù July ọdún 1830, àwọn ará Faransé gba Algiers, olú-ìlú Àlgéríà. Ìjọba àwọn Tọ́kì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ túká, ilẹ̀ náà sì di aláìní olórí. Àwọn ẹ̀yà ìwọ̀-oòrùn lọ bá Muhyiddin pé kó ṣáájú àwọn. Bàbá ní àgbà ti dé, ó sì fi ọmọ rẹ̀ hàn wọ́n. Ní oṣù November 1832, wọ́n búra ìtẹríba fún Abdul-Qadir. Ọmọ ọdún 24 péré ni! Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi ọjọ́ orí yìí sọ́kàn.

Ọdún 15 ló fi bá Faransé jà. Ó ṣẹ́gun wọn ní Macta ní ọdún 1835, wọ́n sì ṣẹ́gun rẹ̀ ní Sikkak ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Nínú gbogbo rẹ̀, ó fòfin dè é pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa ẹni tí wọ́n bá mú lójú ogun. Nígbà kan tí oúnjẹ kò tó mọ́, ó dá àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun sílẹ̀ kàkà kí ó jẹ́ kí ebi pa wọ́n. Síbẹ̀, ìtàn tòótọ́ kì í bo àbùkù mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1846, nígbà tí kò sí ní ibùdó, àwọn ènìyàn rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Faransé tó wà ní ìgbèkùn lọ́dọ̀ wọn. Àbàwọ́n ńlá ni èyí jẹ́ lára ogun náà.

Ìṣèlú rẹ̀

Abdul-Qadir mọ̀ pé ìbọn nìkan kò lè gba ilẹ̀ là. Ìṣòro rẹ̀ tó tóbi jù ni pé àwọn ẹ̀yà kò fẹ́ gbọ́ ti ara wọn. Àwọn kan tilẹ̀ gbè sẹ́yìn ọ̀tá. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà, nítorí náà ó pín ilẹ̀ sí ìpínlẹ̀, ó fi àwọn kálífà ṣe olórí wọn, ó yan adájọ́, ó gba sàká, ó rọ owó tirẹ̀, ó sì dá ilé iṣẹ́ ìbọn sílẹ̀ ní Tagdemt. Ó bá Faransé ṣe àdéhùn ní ọdún 1834, ó tún ṣe òmíràn ní Tafna ní ọdún 1837. Àwọn kan bú u nítorí àdéhùn wọ̀nyí, ṣùgbọ́n àkókò àlàáfíà yẹn gan-an ló fi kọ́ ìjọba rẹ̀.

Ní ọdún 1839, ọmọ ọba Faransé kó ọmọ ogun gba ilẹ̀ tí Abdul-Qadir kà sí tirẹ̀ kọjá láìgba àṣẹ. Ogun bá tún bẹ́. Láti ọdún 1841, Ọ̀gágun Bugeaud ń dáná sun oko àti àká ọkà, ó ń kó ẹran ọ̀sìn, ó ń fi ebi jagun. Àwọn ọmọ ogun Faransé ní Àlgéríà padà lé ní 100,000. Nígbà tí wọ́n gba àwọn ìlú Abdul-Qadir tán, ó sọ àgọ́ di olú-ìlú. Ní oṣù May 1843, tí kò sí nílé, wọ́n kó àgọ́ náà, ìwé tó ti ń kó jọ láti ọdún pípẹ́ sì fọ́n ká.

Ní oṣù December 1847, ogun Mòrókò wà lẹ́yìn rẹ̀, Faransé wà níwájú. Òun àti ẹlẹ́ṣin díẹ̀ lè sá wọ aṣálẹ̀. Àwọn obìnrin, ọmọdé àti àwọn tó fara gbọgbẹ́ ńkọ́? Nítorí tiwọn ló ṣe sọ idà sílẹ̀, lórí àdéhùn pé wọn yóò gbé e lọ sí Alẹkisáńdíríà tàbí Acre. Faransé yẹ àdéhùn. Wọ́n tì í mọ́lé fún nǹkan bí ọdún márùn-ún ní Toulon, Pau àti Amboise. Àwọn kan nínú àwọn ènìyàn rẹ̀, pẹ̀lú ọmọdé, kú síbẹ̀. Ọdún 1852 ni Louis-Napoléon tó dá a sílẹ̀, òun náà sì ṣèlérí pé òun kò ní padà lọ jagun.

Kálámù rẹ̀

Ó gbé ní Bursa nílẹ̀ Tọ́kì, kó tó kó lọ sí Damásíkù ní ọdún 1855. Ní ọdún yẹn ló fi ìwé kan ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀mọ̀wé Paris, lórí làákàyè, ìmọ̀ àti iṣẹ́ ìkọ̀wé. Ẹ wò ó! Àwọn tó fi ìbọn kó ilẹ̀ rẹ̀ ló fi kálámù bá sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ wọn. Ó kọ ewì tó fi yin ẹṣin, àgọ́ àti aṣálẹ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó tún kọ ìwé ńlá Al-Mawaqif lórí ìmọ̀ Ọlọ́hun.

Ọjọ́ ìdánwò

Ní oṣù July 1860, àwọn jàǹdùkú dìde sí àwọn Kìrìsìtẹ́nì Damásíkù, wọ́n sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Bí Abdul-Qadir bá fẹ́ gbẹ̀san, ọjọ́ náà nìyí. Kàkà bẹ́ẹ̀, òun àti àwọn ọmọ Àlgéríà tó wà pẹ̀lú rẹ̀ jáde sí ìgboro, wọ́n ń kó Kìrìsìtẹ́nì wọ ilé rẹ̀. Aṣojú Faransé náà wà lára wọn. Nígbà tí àwọn jàǹdùkú dé ẹnu ọ̀nà pé kó kó wọn jáde, ó kọ̀ jálẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀mí ló là. Lójú tirẹ̀, ohun tí Sharia pa láṣẹ ni òun ṣe. Àwọn ìjọba ayé bọlá fún un, Ààrẹ Lincoln ti Amẹ́ríkà sì fi ìbọn ìléwọ́ méjì ta á lọ́rẹ.

Àwọn kan ṣì ń bi í léèrè ìdí tó fi gba owó ìtọ́jú lọ́wọ́ Faransé, tí kò sì padà sójú ogun. Ìbéèrè tó le ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ṣèlérí ni, ó sì mú un ṣẹ fún àwọn tó ti yẹ tiwọn. Ó kú ní Damásíkù ní oṣù May 1883, wọ́n sì sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ibn Arabi. Àlgéríà gba òmìnira ní 1962. Ní ọdún 1966, wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà wálé.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀

Ẹ̀kọ́ kìíní: ọ̀dọ́ kò kéré jù láti gba ẹrù ìlú rù, bó bá ti ní ìmọ̀. Èkejì: ẹni tó fẹ́ràn ìlú rẹ̀ a máa ro ti aláìlágbára kó tó ro ti orúkọ ara rẹ̀. Ẹ̀kẹta ló wúwo jù: ìfẹ́ ìlú tí kò bẹ̀rù Ọlọ́hun, ìkà ni yóò dà níkẹyìn. Ọ̀tá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Abdul-Qadir, ṣùgbọ́n kò rí ìwà rẹ̀ gbà.

Kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ, kí Ó sì fi irú ọkàn bẹ́ẹ̀ ta wá lọ́rẹ. Àmín.