Henrietta Leavitt: Obìnrin Tí Ó Fún Wa Ní Òṣùwọ̀n Ọ̀run

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 1868, ní ìlú Lancaster ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni a bí Henrietta Swan Leavitt. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni baba rẹ̀. Ó kọ́kọ́ lọ sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Oberlin, lẹ́yìn náà ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Harvard, èyí tí a wá sọ ní Radcliffe. Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní 1892, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí lásán ni ó gbà, nítorí Harvard kì í fi oyè fún obìnrin nígbà náà. Ọdún tí ó kẹ́yìn níbẹ̀ ni ó tó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìràwọ̀.

Láìpẹ́ ó wọ ilé ìwòràwọ̀ Harvard, ó ń ṣiṣẹ́ láìgba owó. Àìsàn bá a jà, bí ọdún sì ti ń gorí ọdún ni etí rẹ̀ ń di sí i. Nígbà tí ó tún padà síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Edward Pickering tí í ṣe ọ̀gá ilé náà gbà á sí iṣẹ́ ní 30 sẹ́ńtì fún wákàtí kan. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pe òun àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ẹ̀rọ tó gba orúkọ náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn ọkùnrin ni ń fi awò ńlá wo ọ̀run lóru. Àwọn obìnrin a jókòó nínú iyàrá lọ́sàn-án, wọn a máa yẹ fọ́tò tí a yà sórí dígí wò.

Láti Arequipa ní ilẹ̀ Peru, níbi tí Harvard ní awò sí, ni àwọn fọ́tò tí ó sọ Leavitt di olókìkí ti wá. Àwòrán ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ méjì ni wọ́n, èyí tí à ń pè ní Àwọsánmà Magellan, ní ìhà gúúsù ọ̀run. Láti Massachusetts, ènìyàn kò lè rí wọn láéláé. Tiwa sàn díẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá: ní òru oṣù Kejìlá, níbi tí iná ìlú kò dé, wọ́n a máa hàn nísàlẹ̀ ọ̀run bí èéfín funfun, bí ọyẹ́ bá gbà fún wa.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wá àwọn ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wọn kì í dúró lójú kan. Yóò gbé dígí òru kan lé ti òru mìíràn, yóò sì ṣọ́ èyí tí ó yí padà. Ní 1908 ó gbé ìwé jáde lórí 1,777 irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì kíyè sí i nínú 16 nínú wọn pé èyí tí ó mọ́lẹ̀ jù ni ó ń pẹ́ jù kí ó tó tàn, kí ó ṣú, kí ó sì tún tàn. Ní 1912 ó fi ìràwọ̀ 25 inú Àwọsánmà Kékeré fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ lè fi ọjà alẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Àtùpà kan mọ́lẹ̀ kedere, òmíràn ń ṣe bàìbàì. Ẹni tí ó wà lókèèrè kò lè mọ̀ bóyá èkejì kéré ni tàbí ó jìnnà ni. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá wà lórí àtẹ kan náà, èyí tí ó mọ́lẹ̀ jù ni ó tóbi jù ní tòótọ́. Àtẹ kan náà ni Àwọsánmà Kékeré jẹ́ fún Leavitt. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá ka iye ọjọ́ tí ìràwọ̀ kan fi ń tàn tí ó sì fi ń ṣú yóò mọ bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti tó gan-an. Bí ó bá fi èyí wé bí ó ti hàn sí wa, yóò mọ bí ó ti jìnnà tó.

Cepheid ni à ń pe irú ìràwọ̀ yìí, tí ń wú tí ó sì ń súnkì bí àyà ẹni tí ń mí. John Goodricke, ọ̀dọ́mọkùnrin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kíyè sí Delta Cephei ní 1784, lára èyí tí gbogbo wọn ti gba orúkọ. Adití ni òun náà. Ní 1783 ó ti dábàá pé bóyá ohun kan ní ń yí ìràwọ̀ Algol po tí ó sì ń bò ó mọ́lẹ̀. Ó tọ̀nà. Irú ìràwọ̀ méjì-méjì bẹ́ẹ̀, 20 nínú Àwọsánmà Ńlá, ni Grzegorz Pietrzyński àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi wọn ibẹ̀ ní 2019: ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń fi nǹkan bí 162,000 ọdún rìn. Orí irú ìwọ̀n báyìí ni a ń gbé òṣùwọ̀n Leavitt lé lónìí.

Orúkọ Pickering ni ó wà lábẹ́ ìwé ti 1912, bí ìwé náà tilẹ̀ sọ pé Leavitt ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Èyí kò dùn mí tó ohun tí ó tẹ̀ lé e. Dípò kí wọ́n jẹ́ kí ó tọpa ohun tí ó rí, wíwọn ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ mìíràn ni wọ́n fi í sí. Cecilia Payne-Gaposchkin, tí ó wá sí ilé náà lẹ́yìn rẹ̀, gbà pé èyí fa ìmọ̀ sẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ọkùnrin ni ó kórè oko náà: Ejnar Hertzsprung ní 1913, lẹ́yìn rẹ̀ Harlow Shapley, lẹ́yìn náà Edwin Hubble, ẹni tí ó rí Cepheid kan nínú Andromeda ní 1923, tí ó sì fi hàn pé ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ mìíràn wà lẹ́yìn tiwa.

Leavitt kò rí ọjọ́ náà. Jẹjẹrẹ inú ni ó pa á ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá 1921, ọdún kan náà tí Shapley di ọ̀gá ilé ìwòràwọ̀ tí ó sì fi í ṣe olórí ẹ̀ka tí ń wọn ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀. Nǹkan bí 2,400 ni ìràwọ̀ ayípadà tí ó rí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo èyí tí a mọ̀ nígbà ayé rẹ̀. Ohun ìní tí ó fi sílẹ̀ kò ju nǹkan bí 315 dọ́là lọ.

Ní 1925, Gösta Mittag-Leffler, onímọ̀ ìṣirò ará Sweden, kọ lẹ́tà sí i pé òun ń rò ó láti dárúkọ rẹ̀ fún ẹ̀bùn Nobel. A kì í fi ẹ̀bùn náà fún òkú. Shapley ni ó fèsì.