Gregor Mendel, Ẹni Tí Ó Tú Àdììtú Ìjọra

Bí a bá la èso gbànja ní oko kan ní Ṣágámù tàbí ní Ìkẹ́nnẹ́, nígbà mìíràn a ó bá obì pupa àti obì funfun pọ̀ nínú èso kan náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń rí nínú ẹbí: ọmọ lè ṣàìjọ bàbá, kí ó má sì jọ ìyá, kí ó wá jọ bàbá-ńlá tí ó ti kú kí a tó bí i. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ọmọ ènìyàn ti ń rí èyí tí ó sì ń yà á lẹ́nu. Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi ìṣirò tú àdììtú náà ni Gregor Mendel.

Ní oṣù Keje ọdún 1822 ni a bí i ní abúlé Heinzendorf, ní ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ọba Austria nígbà náà, tí ó sì wà ní orílẹ̀-èdè Czech lónìí. Johann ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Ní ọdún 1838, ìtì igi kan ṣe bàbá náà léṣe, kò sì lè ṣiṣẹ́ bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Owó ilé-ìwé di ìṣòro. Nígbà náà ni Theresia, àbúrò rẹ̀ obìnrin, yọ̀ǹda apá kan nínú owó tí a fi pamọ́ de ìgbéyàwó rẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè máa kàwé lọ. Mendel kò gbàgbé oore yìí. Nígbà tí ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó ran àwọn ọmọ Theresia lọ́wọ́ láti kàwé.

Ní ọdún 1843 ó wọ ilé àwọn mọ́ńkì Ìjọ Àgùdà ní ìlú Brno, níbẹ̀ ni a sì ti fún un ní orúkọ náà Gregor. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ olùkọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò yege nínú ìdánwò àwọn olùkọ́ ní ọdún 1850. Ó lọ kàwé sí i ní Vienna, ó sì tún padà sídìí ìdánwò náà ní ọdún 1856. Síbẹ̀ kò rí ìwé-ẹ̀rí gbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni irú ìjákulẹ̀ bẹ́ẹ̀ ìbá mú kí ó káwọ́ lérí. Ní ti Mendel, inú ọgbà ni ó gbà lọ.

Láti ọdún 1856 sí 1863, ó gbin irú ẹ̀wà kan tí àwọn òyìnbó ń jẹ, tí wọ́n ń pè ní pí. Iye igi ẹ̀wà tí ó yẹ̀ wò tó 28,000. Ó mú èyí tí hóró rẹ̀ rí róbótó, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó rẹ̀ pàdé ti èyí tí hóró rẹ̀ hun jọ. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí ni ó rí róbótó, bí ẹni pé híhunjọ ti pa rẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbin àwọn ọmọ wọ̀nyí, híhunjọ tún yọjú: hóró 5,474 rí róbótó, 1,850 sì hun jọ. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mẹ́ta sí ọ̀kan. Láti inú èyí ni Mendel ti rí i pé àbùdá méjì ni ó ń ṣàkóso irú ìrísí bẹ́ẹ̀, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ akọ, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ abo. Ọ̀kan lè bo èkejì mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè pa á run.

Ní ọdún 1865, ó ka àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ní Brno. A sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Àwọn ènìyàn gbọ́, wọ́n sì lọ sílé. Kò sí ẹni tí ó mọ iyì rẹ̀. Ní ọdún 1868 a fi í jẹ olórí ilé àwọn mọ́ńkì, àríyànjiyàn pẹ̀lú ìjọba lórí owó orí sì gba ọjọ́ ogbó rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 6 oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1884. Ọdún 1900 ni àwọn onímọ̀ mìíràn tó wá ṣe àwárí òtítọ́ kan náà, tí wọ́n sì rí i pé òun ti ṣáájú wọn. Lónìí, ilé rẹ̀ ní Brno ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, níbi tí àwọn àlejò ti ń kọ́ nípa ìmọ̀ àbùdá, tí wọ́n sì ń rí ìpìlẹ̀ ilé tí ó ti ń tọ́jú ohun ọ̀gbìn.

Ìmọ̀ yìí kò jìnnà sí ilẹ̀ Rẹ́mọ rárá. Ní ọdún 1949, àwọn onímọ̀ fi hàn pé ọ̀nà tí Mendel là sílẹ̀ ni àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń gbà. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS kì í ní àrùn náà, ṣùgbọ́n àbùdá rẹ̀ fara pamọ́ sí i lára. Bí irú ènìyàn méjì bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ ara wọn, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà kan nínú mẹ́rin ni kí ọmọ náà jẹ́ SS, kí ó sì máa jẹ ìrora. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìjọ fi ń béèrè ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó.

Ẹni tí ó já nínú ìdánwò ni ó kọ́ gbogbo ayé ní ẹ̀kọ́ yìí. Owó ìgbéyàwó ọmọbìnrin kan ni ó sì ràn án lọ́wọ́ dé ibẹ̀. Iṣẹ́ tí a fi sùúrù àti òtítọ́ ṣe lè pẹ́ nínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò hàn sí gbangba.