Mabel Dove: Obìnrin Accra tó fi orúkọ Yorùbá kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn Èkó

Ní ọdún 1936, orúkọ kan ń hàn nínú ìwé ìròyìn Nigerian Daily Times ní ìlú Èkó. Ebun Alakija ni orúkọ náà. Ẹni tó bá kà á yóò gbà pé ọmọbìnrin ilé Alákijà kan ló mú gègé, tó jókòó sí ilé rẹ̀ ní Èkó, tó ń bá àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n Mabel Dove ló ń jẹ́ orúkọ yìí nínú ìwé ìròyìn náà, ọmọ bíbí ìlú Accra sì ni. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń ṣe jẹun, òun náà ló sì ń kọ ìtàn ìfẹ́ àti ọ̀rọ̀ inú ilé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà.

Orúkọ Yorùbá kò ṣàjèjì ní Accra láyé ìgbà náà. Àwọn ará Èkó ti tẹ̀dó síbẹ̀ tipẹ́, débi pé Accra New Town, àdúgbò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kotobabi, Lagos Town ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀.

Ta ni Mabel Dove?

Ọdún 1905 ni wọ́n bí i. Frans Dove, bàbá rẹ̀, jẹ́ agbẹjọ́rò ọmọ Sierra Leone tó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, ìyẹn orílẹ̀-èdè tí a mọ̀ sí Ghana lónìí. Eva Buckman, ìyá rẹ̀, jẹ́ oníṣòwò ọmọ Ga láti Osu. Evelyn Dove, akọrin tó gbajúmọ̀ ní London, tí wọ́n sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí rédíò BBC, ọmọ bàbá rẹ̀ ni.

Ọmọ kékeré ni Mabel nígbà tí wọ́n mú un lọ sí Freetown, níbi tó ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Annie Walsh Memorial. Láti ibẹ̀, wọ́n rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní England. Ohun tí bàbá rẹ̀ ń retí ni pé kí ó kàwé bí ọmọ ọlọ́lá, kí ó mọ ìwà, kí ó sì padà wá fẹ́ ẹni tó yẹ ẹ́.

Níbẹ̀ ni wàhálà àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Mabel lọ kọ́ iṣẹ́ akọ̀wé ọ́fíìsì láàárín oṣù mẹ́rin, láìgba àṣẹ bàbá rẹ̀. Inú bí bàbá, ó sì dá a padà sí Freetown. Ìbínú yìí kò mú kí ó jókòó lásán. Ó dá ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì ń bá ẹgbẹ́ òṣèré kan ṣe eré orí ìtàgé.

Iṣẹ́ tí bàbá kò fẹ́ ló wá di oúnjẹ rẹ̀. Nígbà tó padà sí Gold Coast ní ọmọ ọdún 21, ó di taípíìsì ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi Elder Dempster. Ọdún mẹ́jọ ló lò níbẹ̀ kí ó tó lọ sí iléeṣẹ́ G.B. Ollivant, àti lẹ́yìn náà sí ti A.G. Leventis. Ní àkókò náà, àwọn ọkùnrin ló kún inú iṣẹ́ akọ̀wé. Obìnrin tó bá fẹ́ dá owó ara rẹ̀ ní, ọjà ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́, tàbí iṣẹ́ olùkọ́.

Bí ọ̀rọ̀ inú ilé ṣe di ọ̀rọ̀ ìlú

Ní ọdún 1931, agbẹjọ́rò J.B. Danquah dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ ní Accra, èyí tí wọ́n wá mọ̀ sí Times of West Africa. Ó fẹ́ kí àwọn obìnrin náà ní ojú ewé tiwọn níbẹ̀. Mabel Dove gba iṣẹ́ náà, ó sì fi orúkọ Marjorie Mensah bo ara rẹ̀ lójú.

Ladies' Corner ni wọ́n pe ojú ewé náà. Ọ̀rọ̀ aṣọ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ijó wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ọkọ, ọ̀rọ̀ ìwà àti ti ìgbéyàwó. Ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí wọ́n kà sí ọ̀rọ̀ kékeré, ni ó gbé síta. Ó ń bá obìnrin wí bí ó ṣe ń bá ọkùnrin wí, àmọ́ ibi kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń darí sí: pé obìnrin tó ń gbé ilé ró ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ nípa ìlú.

Òkìkí Marjorie Mensah kàn débi pé àwọn kan kò gbà pé obìnrin ló ń kọ ọ́. Ní ọdún 1933, ìwé kan jáde ní London tó kó àwọn àpilẹ̀kọ Marjorie Mensah jọ. Orúkọ akọ̀ròyìn ọkùnrin kan ló wà lórí ìwé náà. Awuyewuye lórí ẹni tó ni orúkọ náà sì dé ilé ẹjọ́. Bí ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ se ọbẹ̀, tí wọ́n wá ń bi í bóyá òun ló sè é, ni ọ̀rọ̀ náà rí.

Ìyàwó olóṣèlú

Ọdún 1933 yìí kan náà ni Mabel fẹ́ Danquah, wọ́n sì bí ọmọkùnrin kan. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní 1934, ni ọkọ rẹ̀ bá àwọn aṣojú Gold Coast lọ sí London. Àwọn tí wọ́n jọ lọ padà wálé, ṣùgbọ́n Danquah dúró síbẹ̀ títí di 1936, ó ń ṣe ìwádìí ní British Museum.

Ìyàwó ló wà nílé. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ń dúró dè é, ọmọ ń dúró dè é, ìwé ìròyìn náà sì ń retí ọ̀rọ̀. Ní ọdún 1934 náà ló kọ ìtàn kan láti fi dá George Bernard Shaw lóhùn. Shaw ti kọ ìtàn ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ń wá Ọlọ́run kiri. Mabel yí i padà: nínú ìtàn tirẹ̀, Shaw fúnra rẹ̀ ni ọmọbìnrin náà ń wá.

Nígbà tí ìwé ìròyìn ọkọ rẹ̀ kógbá sílé, kò dákẹ́. Ó di Dama Dumas nínú African Morning Post ní Accra, ó sì di Ebun Alakija ní Èkó. Ìgbéyàwó náà kò pẹ́ kalẹ́, ó ti tú ká ní àárín ọdún 1940 sí 1950.

Ìfẹ́ tó ní owó orí

Ìtàn ìfẹ́ rẹ̀ kì í parí sí ibi tí ọkọ àti ìyàwó ti ń rẹ́rìn-ín nìkan. Nínú The Torn Veil, tó jáde nínú àkójọ kan ní 1947, ọkùnrin kan fẹ́ ìyàwó ní ìlànà ìbílẹ̀. Nígbà tí nǹkan ṣẹnu ire fún un, ó ní òun yóò fẹ́ obìnrin ọ̀làjú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó àkọ́kọ́ kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọjọ́ ìgbéyàwó tuntun náà kò sì parí sí ayọ̀ fún ọkọ.

Nínú Anticipation, ọba kan tó ti ní ogójì ìyàwó rí omidan kan tó ń jó lọ́jọ́ ọdún. Ó san owó rẹpẹtẹ kí wọ́n lè mú un wá sí ààfin. Nígbà tó kù wọ́n méjì, ọmọbìnrin náà rán an létí pé ìyàwó rẹ̀ ni òun tẹ́lẹ̀. Langston Hughes, akéwì Amẹ́ríkà, fi ìtàn yìí sínú àkójọ rẹ̀, An African Treasury, ní 1960.

Láti ibi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé ilé aṣòfin

Nígbà tí ìjà òmìnira gbóná, Mabel Dove kò tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ àtijọ́. Ẹgbẹ́ CPP ti Kwame Nkrumah ló bá lọ. Ní 1951, Nkrumah fi í ṣe olóòtú Accra Evening News, ṣùgbọ́n èrò wọn kò ṣọ̀kan lórí bí ó ṣe yẹ kí iṣẹ́ náà máa lọ. Oṣù márùn-ún péré ló lò níbẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́. Síbẹ̀, kò fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀.

Ní ọdún 1954, àwọn ará Ga Rural dìbò fún un, ó sì wà lára àwọn obìnrin àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí aráàlú dìbò yàn sí ilé aṣòfin. Nínú ìdìbò yìí kan náà ni Danquah ti pàdánù ìjókòó tirẹ̀. Ọdún 1965 ni Danquah kú sí àtìmọ́lé ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Nsawam.

Ní 1972, ojú Mabel fọ́. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kàwé, tó sì fi kọ̀wé, wá wà nínú òkùnkùn fún ọdún méjìlá. Ó jáde láyé ní 1984.

Fún ọdún pípẹ́, inú ewé ìwé ìròyìn tó ti gbó ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ wà, Marjorie Mensah níbí, Dama Dumas lọ́hùn-ún, Ebun Alakija ní Èkó. Ní ọdún 2004, Stephanie Newell àti Audrey Gadzekpo kó púpọ̀ nínú wọn jọ sínú ìwé kan. Orúkọ tó wà lára èèpo ìwé náà ni Mabel Dove.