Aina Onabolu, Aṣíwájú Àwọn Ayàwòrán Wa
Ìjẹ̀bú-Òde ni a bí Aina Onabolu sí ní ọdún 1882. Ní ayé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ òyìnbó gbà pé àwòrán tí ó jọ ènìyàn gẹ́lẹ́, irú èyí tí Jan van Eyck ará Flanders fi lókìkí ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ju agbára aláwọ̀ dúdú lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi dá wọn lóhùn: ó ya Ìyáàfin Spencer Savage ní 1906, kí ó tó lọ kọ́ṣẹ́ ní London ní 1920. Nígbà tí ó padà, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Èkó, ó sì rọ ìjọba títí wọ́n fi mú Kenneth Murray wá ní 1927. Ó kú ní 1963. Kí àwa olùkọ́ má ṣe jẹ́ kí koríko bo ọ̀nà tí ó là.