Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀: Aláàfin obìnrin tí ìwé sọ di ọkùnrin

Bí mo bá ní obìnrin ti jẹ Aláàfin rí, ọ̀pọ̀ nínú yín á ní irọ́ ni mò ń pa. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ fún yín.

Ayé ò rọgbọ nígbà náà, láàárín 1500 sí 1600. Àwọn Tápà ti lé ọba kúrò l'Ọ́yọ̀ọ́ Ilé. Aláàfin Egúnojú ló wá tẹ Ìgbòho dó. Nígbà tó wàjà, àbúrò rẹ̀, Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀, ló kàn. Obìnrin ni, gẹ́gẹ́ bí ará Ìgbòho ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn afọbajẹ kọ̀ ọ́. Wọ́n tiẹ̀ ní ó ní láti para dà di ọkùnrin kí wọ́n tó gbà. Ẹ ò rí nǹkan! Ogun wà nílẹ̀, ọmọ ọba wà nílé, ara ọmọ ọba ni wọ́n ń yẹ̀ wò.

Ó sì jọba, ọba ogun ni. Wọ́n ní ó máa ń so ewé mọ́ ìrù ẹṣin, kó lè gbá ipa ẹsẹ̀ ogun rẹ̀ rẹ́. Nínú ogun Ìlayì, Gbọ̀ńkáà mẹ́ta ló bá a lọ. Ìkẹta kú lórí ìjókòó, ó ṣe eyín bí ẹni ń rẹ́rìn-ín, ni àwọn ọ̀tá bá rò pé ọfà ò ràn án, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìgbòho ni wọ́n sin Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ sí.

Báwo wá ni kò ṣe sí lẹ́nu wa? Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní 1921. Ọkùnrin ló pe Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ níbẹ̀. Ní 1965 ni Robert Smith gbé ohun tó gbọ́ ní Ìgbòho jáde, pé obìnrin ni.

Èrò tèmi rèé. Èdè wa kì í ya akọ yà abo: "ó" ni gbogbo wa, "àbúrò" ni gbogbo wa. Èdè Òyìnbó tí Johnson fi kọ̀wé ò gbà bẹ́ẹ̀, ó di dandan kéèyàn mú ọ̀kan. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá sì kan ìtẹ́, ẹ mọ èyí tí ọwọ́ máa ń yá sí.

Torí náà, nígbà míì tí wọ́n bá ń ka orúkọ àwọn ọba ìlú yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà: ta ni "ó" yẹn gan-an?